Bí Wọ́n Bá Pa Yín Tì Láwùjọ: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe, àti Èyí Tí Ẹ Ò Gbọ́dọ̀ Ṣe

Ìpatì kì í sábà wá pẹ̀lú ìkéde. Ohun tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ rí ni pé wọn ò gbé ìpè òun mọ́, wọ́n ń ṣèpàdé lẹ́yìn òun, wọ́n ti yọ nọ́ńbà òun kúrò lórí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹni tó máa ń dúró kí òun tẹ́lẹ̀ wá ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, ẹ rí i dájú pé lílé ni wọ́n lé yín lóòótọ́, kí ẹ sì mọ irú èyí tó jẹ́, torí ohun tó tún ọ̀kan ṣe lè ba òmíràn jẹ́ pátápátá.

Ẹnì kan tó yàn yín lódì kì í ṣe àwùjọ, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ ròkè tó. Ẹ wá ẹni tó máa ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀, ẹ bá a lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mi ni?” Ẹ má rojọ́ níbẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n pinnu rẹ̀, ẹni tó kéde rẹ̀, àti bóyá ó lópin. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òfófó ló ń lọ káàkiri, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pàṣẹ. Ẹ ṣì lè bá òfófó wí nígbà yẹn kó tó di ìpinnu.

Irú mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyọlẹ́gbẹ́ tó ní ìgbìmọ̀ nídìí, tó ní ọjọ́, tó sì sábà máa ń fàyè sílẹ̀ fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èkejì ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé. Èyí ló nira jù láti yanjú, torí kò sí ẹni tí ẹ máa dì mú. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀sùn tó lè mú kí èrò dìde síni, irú bí ẹ̀sùn àjẹ́ tàbí ìpànìyàn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọ́n bí èèyàn sínú rẹ̀, nítorí ìran tàbí iṣẹ́ àwọn baba ńlá. Abala 17 nínú ìwé òfin Íńdíà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1950, fòpin sí pípe ẹnikẹ́ni ní ẹni àìgbọdọ̀fọwọ́kàn. Lọ́dún 1956, ìlà oòrùn Nàìjíríà náà ṣòfin pa àṣà osu rẹ́, ìyẹn àṣà àwọn Igbo tó ń ya àwọn ìran kan sọ́tọ̀ láwùjọ. Síbẹ̀ títí dòní, àwọn kan ṣì ń wádìí ìran kí wọ́n tó fọmọ fúnni. Ẹni tó bá wà nínú irú kẹrin yìí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó máa tọrọ àforíjì lé lórí. Ìbéèrè bóyá kó padà, tó wà nísàlẹ̀, kò kàn án. Ti ìwé, owó àti ọ̀rẹ́ ló kàn án.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ má pinnu nǹkan kan

Ìrora rẹ̀ máa ń ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kipling Williams, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe eré bọ́ọ̀lù kan sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Cyberball, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2000. Ẹni tó ń ta á máa rò pé èèyàn bíi tòun lòun ń bá ta á. Kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní ju bọ́ọ̀lù sí i mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Nínú àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e, ó dun àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé kọ̀ǹpútà lásán ni, ó sì dun àwọn tí wọ́n sọ fún pé ẹgbẹ́ tí wọ́n kórìíra gan-an ló ń ta wọ́n nù. Nítorí náà, ẹ má fi bó ṣe ń dùn yín tó wọn ẹ̀bi tàbí àre yín. Yóò dun aláre náà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dun ẹlẹ́bi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́ nìyí. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lóru. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Facebook. Ẹ má lọ sílé olórí àwùjọ láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ pè yín, torí bí ohùn bá ròkè níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa rántí, wọ́n á sì gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Ẹ má kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì ta ohun ìní kankan. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n tètè gbà á padà. Ìjẹ́wọ́ kì í parẹ́. Wọ́n lè kà á jáde níwájú ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ lọ́dún mẹ́ta òní, kì í sì í mú ìgbàpadà tí èèyàn fi rà wá.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kọ̀wé, kí ẹ má sì fi ránṣẹ́. Níbi ìwádìí tí James Pennebaker àti Sandra Beall gbé jáde lọ́dún 1986, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin léra wọn: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe rí lára. Ó lè mú ọkàn wúwo lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì fúyẹ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ máa jẹun lásìkò, bí kò bá tilẹ̀ wù yín.

Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wá sọ́kàn, èyí kúrò ní ọ̀rọ̀ dídúró ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, ẹ má dá wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó bá yín kó oògùn àti ohunkóhun tí ẹ lè fi ṣe ara yín léṣe kúrò nílé, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ kọ́kọ́ jáde

Àwíjàre kì í ṣiṣẹ́ níwájú èrò tó ti gbóná. Bí wọ́n bá ń pe ìpàdé òru nítorí yín, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣọ́ ilé yín, tí wọ́n ti ba ohun ìní yín jẹ́, tàbí tí ẹnì kan yọ́ wá kìlọ̀ fún yín, ẹ má dúró de èkejì nínú àwọn àmì yìí. Ẹ jáde lójú mọmọ, láìsọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnikẹ́ni tó ṣì gbọ́dọ̀ máa dáhùn fún wọn. Ẹ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín, kì í ṣe ilé ìbátan tí gbogbo wọn mọ̀. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí láti ibẹ̀.

Àpò kékeré kan ti tó. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀:

- káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìrìnnà, ìwé ìbí yín àti tàwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́;
- ìwé ilé tàbí ilẹ̀, ó kéré tán fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan;
- oògùn tí ẹ ń lò, tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì;
- owó tó máa gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ, tó sì máa bọ́ yín fún ọjọ́ díẹ̀;
- ṣájà, àti nọ́ńbà èèyàn márùn-ún tí ẹ kọ sórí bébà, torí fóònù lè bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ẹ pa á mọ́ sí ibi tí kò sí nínú ilé yín bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ wọn

Ohun tó ń mú kí ìpatì ba ayé èèyàn jẹ́ kì í sábà jẹ́ àìkíni. Ó jẹ́ pé àwọn tí kò kí i mọ́ yìí náà ló ni ilé tó ń gbé, àwọn ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló ń bá a tọ́jú ọmọ, ilé wọn sì ni ìwé ìbí rẹ̀ wà. Iṣẹ́ gidi tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ yọ àwọn nǹkan yìí kúrò lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìpariwo.

Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sí i kó di apá mẹ́rin. Ní apá kìíní, ẹ kọ ohun tí ẹ kò lè ṣe aláìní: ilé, owó tó ń wọlé, ìwé, ìtọ́jú ara, ẹni tó ń bá yín wo ọmọ, ibi ìjọsìn. Ní apá kejì, ẹ kọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní apá kẹta, iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dúró bí ẹni náà bá jáwọ́ lónìí. Ní apá kẹrin, ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kéré jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń dùn ún jù. Ẹni tí wọ́n lè lé jáde nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ máa ń lo ọ̀sẹ̀ náà láti fi wá ẹni tó máa bá òun bẹ ìyá òun.

Bí onílé bá jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ẹ ka ìwé àdéhùn yín lónìí, pàápàá ibi tó sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ máa san owó ilé láti báńkì, kí àkọsílẹ̀ wà pé ẹ san án. Bí ìwé ìbí tàbí ìwé ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì lọ gba ẹ̀dà tuntun níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ṣí àkáǹtì kan tó jẹ́ orúkọ yín nìkan, kí owó tí ẹ lè fi jẹun fún oṣù kan kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kí ẹ tó ronú ohun mìíràn.

Lórí fóònù, ètò wà nínú bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè yí tàwọn yòókù. Ẹ yẹ nọ́ńbà tí wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí wò. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà ọkọ, aya tàbí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni báńkì, lẹ́yìn náà WhatsApp: ẹ wọ ibi tó ń kọ “Linked devices”, kí ẹ yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀. Ẹ pa ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà han àwọn èèyàn. Bí káàdì SIM bá wà lórúkọ ẹlòmíràn, ẹ ra tuntun kí ẹ sì kó gbogbo àkáǹtì yín lọ sórí rẹ̀, torí ẹni tó ni orúkọ náà lè lọ gbà á nígbàkigbà.

Ní ti iṣẹ́, àwọn tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ló wúlò jù. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, fi èyí hàn lọ́dún 1973: ojúlùmọ̀ tó jìnnà ló sábà ń gbọ́ nípa iṣẹ́ tí ẹ̀yin kò gbọ́, torí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ yín àti ẹ̀yin, ibì kan náà lẹ ti ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ kàn sí ọmọ kíláàsì àtijọ́, ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, ẹni tí ẹ pàdé níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní ẹ ń wáṣẹ́, ẹ sọ irú iṣẹ́ náà. Ẹ ò jẹ wọ́n ní àlàyé ìdí.

Àkọsílẹ̀ àti òfin

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí: ọjọ́, aago, ibi, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. “Wọ́n bú mi” kò wúlò fún agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ èébú náà fúnra rẹ̀ ló wúlò. Bí ẹ bá ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn nínú rẹ̀, kí ẹ má gé e, kí ẹ sì fi ẹ̀dà pa mọ́ síbòmíràn. Kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsọ fún un, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Níbòmíràn òfin kò gbà á. Bí ìgbìmọ̀ ló yọ yín, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fún yín ní ìdí rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì gba ìwé òfin ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ẹ lè fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í pọ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n pinnu, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kó yé yín kí ẹ tó náwó sórí ẹjọ́. Òfin kì í sábà fipá mú ẹnikẹ́ni láti kí yín, láti bá yín jẹun tàbí láti gbà yín sẹ́gbẹ́. Ohun tí òfin lè bá yín dá dúró ni lílù, ìhalẹ̀, gbígba ilé tàbí ilẹ̀, dídí yín lọ́wọ́ láti rí ọmọ yín, àti irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ yín ní gbangba. Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 sọ nínú Abala 18 pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, ó sì sọ nínú Abala 20 pé a kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Àpapọ̀ méjèèjì ni pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde. Kò sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa fẹ́ràn yín. Ẹni tó bá lọ sílé ẹjọ́ láti lọ wá ìfẹ́ yóò náwó gbé.

Ẹnì kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀

Láàárín àwọn ọdún 1950, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn èèyàn sọ ìlà tó gùn bákan náà pẹ̀lú òmíràn, nígbà tí gbogbo àwọn tó kù nínú yàrá ti gbà láti parọ́. Nǹkan bí ìdáhùn kan nínú mẹ́ta ló tẹ̀ lé irọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan péré bá wà níbẹ̀ tó sọ òótọ́, iye náà máa ń já wálẹ̀ gan-an. Ohun tí èèyàn nílò láti má ṣe ṣiyèméjì nípa ojú ara rẹ̀ kò pọ̀: ẹnì kan tó rí ohun tó rí.

Ẹ má wá a láàárín àwọn tó sún mọ́ olórí, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn yín tó. Àdánù wọn ti pọ̀ jù. Ẹ wo etí àwùjọ: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ti ọwọ́ wọn wá, ẹni tó ti kó lọ síbòmíràn, ẹni tí wọ́n ti lé ṣáájú yín. Ohun kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, bíi kó máa pe yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má ní kó dìde gbèjà yín ní gbangba, ẹ má sì sọ ọ́ di ẹni tí ẹ ń rán sí wọn. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń gbà lé òun náà. Bí ẹ bá sì rí i pé gbogbo ìpè yín sí i jẹ́ ti ẹkún, ẹ wá ẹnì kejì kí ẹrù náà tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣé kí ẹ padà ni?

Kì í ṣe gbogbo àwùjọ ló yẹ ní pípadà sí. Nígbà tí àwọn Júù ìlú Amsterdam lé Baruch Spinoza, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ní oṣù Keje, ọdún 1656, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì ka ohun tó bá kọ. Kò padà. Ó ń dán awò fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó ń pinnu rẹ̀ ni pé: kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe kí wọ́n tó gbà yín? Bó bá jẹ́ pé kí ẹ tún ohun tí ẹ bàjẹ́ ṣe ni, ó ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ sẹ́ ọmọ yín, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lù yín, tàbí kí ẹ pe òótọ́ ní irọ́, ẹ má lọ.

Bí ẹ bá jẹ̀bi nǹkan kan, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ kò ṣe, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ nìkan. Kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe láìfi “bó bá jẹ́ pé ó dùn yín” dè é, ẹ sọ ohun tí ẹ máa san padà àti ọjọ́ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ti yí padà, kí ẹ sì dákẹ́. Ìgbà tí “ṣùgbọ́n” bá wọ inú rẹ̀, àwíjàre ló dà.

Ẹ jẹ́ kí onílàjà jẹ́ ẹni tí àwọn náà bọ̀wọ̀ fún, tí kò sì jẹ gbèsè fún ìhà kankan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ gbà lórí ìwé: ohun tí ẹ máa ṣe, ọjọ́ tó máa parí, àti ẹni tó máa kéde rẹ̀. Wọn kì í sábà rántí ìkẹta yìí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí wọ́n bá lé èèyàn ní gbangba tí wọ́n gbà á padà ní yàrá, àwọn tí kò sí ní yàrá náà á ṣì máa yẹra fún un. Ní ti ọjọ́ ìparí, Áténì àtijọ́ nílẹ̀ Gíríìsì sàn ju ọ̀pọ̀ àwùjọ òde òní lọ: ọdún 10 ni wọ́n fi ń lé èèyàn jáde nílùú, kò pàdánù ohun ìní rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tó máa padà. Kódà wọ́n lé Aristides, olóṣèlú kan níbẹ̀, ní ọdún 482 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n sì pè é padà ní 480 nígbà tí ogun dé. Ìdánwò tí kò lópin kì í ṣe ìgbàpadà. Ẹ má fọwọ́ sí i.

Àwọn èèyàn tuntun

Jeffrey Hall, olùṣèwádìí kan, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2018: ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ lásán, wákàtí 90 kó tó di ọ̀rẹ́, ó sì ju 200 lọ kó tó di ọ̀rẹ́ àtàtà. Bí ẹ bá ń rí àwọn kan fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wákàtí 50 máa gbà. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta tó ní “wọn ò gba tèmi” kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́jọ ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ yan ibi méjì péré tí àwọn èèyàn kan náà ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí iṣẹ́ ọwọ́ sì wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ akọrin, kíláàsì, eré ìdárayá, iṣẹ́ àtinúwá. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ má sọ ìtàn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ múra gbólóhùn kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè: “Èmi àti wọn ti pínyà. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.” Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ tó bá gbà yín mọ́ra jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá ń béèrè owó, àṣírí yín, tàbí pé kí ẹ já àwọn díẹ̀ tó kù fún yín sílẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nígbà tó bá rí i. Ní òdìkejì, ẹni tí wọ́n ti lé rí máa ń rí lílé níbi tí kò sí. Bí ẹnì kan kò bá dá yín lóhùn, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó parí èrò.

Bí ẹ bá pàdé wọn lóde

Ní ojú pópó, ẹ kí wọn ṣókí, kí ẹ má sì dúró. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ ti ṣe tiyín. Ìsìnkú àti ìgbéyàwó ló le. Ẹ béèrè ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tó ni òkú tàbí tó ni ìyàwó, kì í ṣe lọ́wọ́ olórí àwùjọ, bóyá ó fẹ́ kí ẹ wá. Bó bá gbà, ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ tètè dé, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ lè gbà jáde, kí ẹ kí ẹni tó pè yín, kí ẹ sì máa lọ kó tó di àkókò jíjẹ mímu, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kan sí i lọ́jọ́ náà, láìmẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yín rárá, kí ẹ sì lọ síbi sàréè òkú náà ní ọjọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní sí níbẹ̀.